Helicobacter pylori: ìdí tí oògùn mẹ́ta àtijọ́ kò fi tó mọ́, àti bí ìtọ́jú rẹ̀ ṣe rí báyìí

Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni àwọn dókítà ti ń da oògùn mẹ́ta pọ̀ láti fi pa Helicobacter pylori, bakitéríà tó ń gbé inú àpòlúkù, ìyẹn àpò tí oúnjẹ kọ́kọ́ ń bọ́ sí nínú ikùn. Ọ̀kan nínú wọn ń dín ásíìdì kù. Méjì yòókù, clarithromycin àti amoxicillin, ni apakòkòrò. Nígbà náà, àwọn tó lò ó tí ara wọn yá pọ̀ gidigidi. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé, clarithromycin kò ran bakitéríà náà mọ́, èèyàn lè lo oògùn rẹ̀ pé láìfo ọjọ́ kan, kí kòkòrò náà ṣì wà níbẹ̀.

Èyí ló mú kí ìlànà ìtọ́jú yí padà. Ní 2022, àwọn onímọ̀ tó ń ṣe ìlànà Maastricht ní Yúróòpù sọ pé níbi tí clarithromycin kò bá ti ran ju 15 lọ nínú 100 bakitéríà yìí, tàbí tí ẹnikẹ́ni kò mọ iye tí kò ràn, oògùn mẹ́rin tí bismuth, èròjà kan tó ń ran apakòkòrò lọ́wọ́ láti pa kòkòrò náà, wà nínú rẹ̀ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 2024, ẹgbẹ́ àwọn dókítà inú ní Amẹ́ríkà, American College of Gastroenterology, náà fi oògùn mẹ́rin yìí síwájú, wọ́n ní kí aláìsàn lò ó fún ọjọ́ 14, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan clarithromycin àyàfi tí àyẹ̀wò bá ti fi hàn pé ó ṣì ń ran kòkòrò tó wà lára ẹni náà gan-an. Síbẹ̀, oògùn mẹ́ta àtijọ́ ṣì wà lórí ìwé oògùn ọ̀pọ̀ aláìsàn. Ọ̀rọ̀ yìí ká wa lára, nítorí ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá gbógun ti kòkòrò yìí ni a ti lè borí rẹ̀ jù. Bí ìgbà àkọ́kọ́ bá ti já kulẹ̀, èyí tó kù sínú ikùn sábà máa ń jẹ́ irú tí oògùn náà kò ràn, ọ̀nà tó kù á sì dín.

Kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tó dé lójijì lẹ́yìn oúnjẹ tàbí omi tí kò mọ́ kì í ṣe iṣẹ́ Helicobacter pylori. Ìfun ni irú àkóràn bẹ́ẹ̀ ti ń jà jù, àwọn bakitéríà bíi Salmonella àti Campylobacter sì wà lára ohun tó ń fà á. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, omi tí a fi iyọ̀ àti ṣúgà sí ní ìwọ̀n tó tọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ pàtàkì, kì í ṣe apakòkòrò, àyàfi tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí ibà bá ga, tàbí tí ara ẹni náà kò bá lágbára. Helicobacter pylori ní tirẹ̀ kì í pariwo. Ó lè wà nínú èèyàn láti kékeré títí dọjọ́ alẹ́.

Ásíìdì inú àpòlúkù lágbára tó láti pa èyí tó pọ̀ jù nínú bakitéríà tí a ń gbé mì. Ọ̀nà tí èyí fi ń yè ni pé ó ń ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní urease, èyí tó ń sọ yúríà tó wà nínú omi ara di amóníà. Amóníà yìí á pa agbára ásíìdì ní àyíká rẹ̀ gan-an. Ara rẹ̀ lọ́, ó sì ní ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan tó fi ń lúwẹ̀ẹ́, nítorí náà á gba inú omi yíyọ̀ tó bo ara àpòlúkù kọjá, á lọ lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, níbi tí ásíìdì kò ti fi bẹ́ẹ̀ dé. Ara máa ń bá a jà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè lé e kúrò. Ìjà àìlópin yẹn ló ń mú kí ara àpòlúkù wú, kó sì máa pọ́n.

Ibi tí wíwú náà bá pọ̀ sí ló ń pinnu irú ìpalára tó máa ṣe. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ àpòlúkù ló pọ̀ sí, ásíìdì á máa jáde ju bó ṣe yẹ lọ, á sì dá ọgbẹ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré. Bó bá gba gbogbo ara àpòlúkù, ibi tó ń ṣe ásíìdì á máa kú díẹ̀díẹ̀, ásíìdì á dín kù, ẹni náà sì lè ní ọgbẹ́ nínú àpòlúkù fúnra rẹ̀, tàbí jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1994 ni àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kòkòrò yìí sí ìsọ̀rí kìíní àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Ká má fi èyí dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ní in kì í ní jẹjẹrẹ rárá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kì í ní ọgbẹ́ inú. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ti rí i lára rẹ̀ yẹ fún ìtọ́jú, nítorí kò sí ẹni tó lè wò ó lójú kó sọ ẹni tí tirẹ̀ máa burú.

Fún ìgbà pípẹ́, ìrònú àti oúnjẹ tó ta lẹ́nu ni wọ́n ń di ẹ̀bi ọgbẹ́ inú rù. Ní Perth, ní Ọsirélíà, Robin Warren ṣàkíyèsí bakitéríà tó lọ́ yìí nínú ẹran ara tí wọ́n gé láti inú àpòlúkù àwọn aláìsàn, òun àti Barry Marshall sì gbìyànjú láti gbìn ín. Kò hù, títí di àsìkò Àjíǹde 1982, nígbà tí wọ́n fi àwo ìgbìn náà sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan ju ọjọ́ méjì tí wọ́n máa ń fún un lọ nítorí ìsinmi. Kòkòrò tí kì í yára hù ni, àṣé kò rí àkókò tó. Ní 1984, Marshall gbé omi tí bakitéríà náà kún inú rẹ̀ mu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, nígbà tí wọ́n sì fi kámẹ́rà wo inú rẹ̀, àpòlúkù rẹ̀ ti wú. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Oògùn amárarọ bíi ibuprofen, diclofenac àti aspirin ni ohun kejì tó ń fa ọgbẹ́ inú jù. Bí oògùn wọ̀nyí àti kòkòrò náà bá pàdé lára ẹnì kan, ewu rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ.

Ìgbà èwe ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó o, láàárín ẹbí, láti ẹnu sí ẹnu tàbí láti ara ìgbẹ́ àti èébì dé ọwọ́, omi àti oúnjẹ. Ó wọ́pọ̀ níbi tí èèyàn púpọ̀ ti ń sùn sínú yàrá kan, tí omi tó mọ́ kò sì tó.

Àmì tó sábà máa ń mú èèyàn wá ni inú ríro tàbí inú tó ń ta ní òkè ìdodo, inú tó ń wú lẹ́yìn oúnjẹ díẹ̀, èébì tó ń gbé èèyàn, tàbí ìrora tó ń jí èèyàn lóru. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó fi hàn dájú pé kòkòrò yìí ni, ìdí nìyẹn tí àyẹ̀wò fi pọn dandan. Àyà títa lásán, tí ásíìdì ń gòkè wá sí ọ̀fun, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn àmì kan wà tí kò yẹ kó dúró de àyẹ̀wò ìgbẹ́ tàbí ti èémí: kí èèyàn máa bì ẹ̀jẹ̀ tàbí ohun tó dúdú, kí ìgbẹ́ dúdú kó máa lẹ̀ bí ọ̀dà kó sì máa rùn gan-an, kí oúnjẹ máa há lọ́nà ọ̀fun, kí èèyàn máa rù láìnídìí, kí ẹ̀jẹ̀ máa gbẹ lára. Ìrora tó dé lójijì tó sì mú kí gbogbo ikùn le gbagidi lè jẹ́ pé ọgbẹ́ ti lu àpòlúkù. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ti tó ọdún 60, tí inú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kámẹ́rà ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi wo inú rẹ̀. Àwọn ìlànà mìíràn tiẹ̀ ní kí ó kéré sí 60.

Lórí àyẹ̀wò ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló rọrùn jù, òun náà ló ń ṣi èèyàn lọ́nà jù. Ohun tí ara fi bá kòkòrò náà jà ló ń wá, kì í ṣe kòkòrò náà, ohun ìjà yẹn sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú tán. Ẹni tó ti rí ìwòsàn lè ṣe é kí wọ́n sọ fún un pé ó ṣì ní in, kó sì tún bẹ̀rẹ̀ oògùn tí kò nílò. Kò wúlò rárá láti mọ̀ bóyá ìtọ́jú ti ṣiṣẹ́.

Méjì tó ń sọ òtítọ́ nípa kòkòrò tó wà láàyè ni ti èémí àti ti ìgbẹ́. Fún ti èémí, aláìsàn á fẹ́ èémí sínú àpò kan, á gbé yúríà tí a fi kábọ́ọ̀nù 13 sàmì sí mì, á sì tún fẹ́ èémí lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 30. Bí kòkòrò náà bá wà níbẹ̀, urease rẹ̀ á fọ́ yúríà náà, kábọ́ọ̀nù tí a sàmì sí á sì bá èémí jáde. Kábọ́ọ̀nù 13 kò ní ìtànṣán, nítorí náà ọmọdé àti aláboyún lè ṣe é. Èyí tó ń lo kábọ́ọ̀nù 14 ní ìtànṣán díẹ̀, kò yẹ fún wọn. Fún ti ìgbẹ́, ìwọ̀nba kékeré ni wọ́n nílò láti wá èérún ara kòkòrò náà. Kí ó tètè dé ilé àyẹ̀wò, tàbí kí ó wà ní ibi tútù títí yóò fi dé ibẹ̀. Bó bá jẹ́ omi lásán, èsì rẹ̀ kì í dá wa lójú tó. Nígbà tí wọ́n bá fi kámẹ́rà wo inú, wọ́n lè gé ẹran ara díẹ̀, kí wọ́n fi sínú èròjà tó ń yí àwọ̀ padà bí urease bá wà níbẹ̀, tàbí kí wọ́n wò ó lábẹ́ awò amúǹkan-tóbi. Ibi méjì ló yẹ kí wọ́n ti gé e, ìsàlẹ̀ àti òkè àpòlúkù, nítorí ẹni tó ń lo oògùn tó ń dín ásíìdì kù, kòkòrò rẹ̀ máa ń sá gòkè.

Oògùn ásíìdì yìí náà ló ń ba èsì jẹ́ jù. Omeprazole, esomeprazole, rabeprazole àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ń mú kí iye bakitéríà náà dín kù láìpa á tán, àyẹ̀wò á sì sọ pé kò sí. Ẹ dá wọn dúró ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú àyẹ̀wò, kí ẹ sì jìnnà sí apakòkòrò àti bismuth fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú rẹ̀. Oògùn tó ń pa ásíìdì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, irú èyí tí èèyàn ń mu tàbí jẹ lẹ́nu nígbà tí inú bá ta, kò ṣe èsì ní jàǹbá, òun ni kí ẹ fi rọ́jú ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Ẹni tí ọgbẹ́ inú rẹ̀ ti ṣẹ̀jẹ̀ rí, tàbí tó ń lo aspirin nítorí ọkàn, kò gbọ́dọ̀ dá oògùn ásíìdì dúró láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀. Ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ pàápàá lè mú kí àyẹ̀wò fojú fo kòkòrò náà. Bí èsì bá sọ pé kò sí nígbà yẹn, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn náà.

Oògùn mẹ́rin náà rèé, fún àgbàlagbà tí kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ dára. Oògùn tó ń dín ásíìdì kù, bíi omeprazole 20 mg tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Bismuth, bóyá subsalicylate 300 mg tàbí subcitrate 120 mg, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Tetracycline 500 mg, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Metronidazole 500 mg, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọjọ́ 14 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó kéré tán 13 lóòjọ́, ju 180 lọ kó tó parí. Ó pọ̀, kò sì yẹ kí a bo èyí mọ́ aláìsàn lójú. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún kó tó bẹ̀rẹ̀ ló máa ń lè fara dà á dópin.

Oògùn ásíìdì náà kì í ṣe fún ìrora nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ọ̀pọ̀ gbà gbọ́ nìyẹn. Nígbà tí ásíìdì bá pọ̀, bakitéríà náà máa ń dáwọ́ bíbí dúró, àwọn apakòkòrò kan, bíi amoxicillin, sì jẹ́ oògùn tó ń pa èyí tó ń bí lọ́wọ́ nìkan. Bí ásíìdì bá dín kù, kòkòrò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, oògùn á sì rí i pa. Nítorí náà, bí inú bá tiẹ̀ ti dẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, ẹ má fi í sílẹ̀. Ìgbà tó yẹ kí ẹ lò ó ni nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 60 ṣáájú oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́, nítorí àsìkò tí oúnjẹ bá ń bọ̀ ni ibi tó ń ṣe ásíìdì máa ń ṣí fún un. Bí ẹ bá lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, iṣẹ́ rẹ̀ lè dín kù. Àwọn èèyàn kan tún wà tí ẹ̀dọ̀ wọn ń yára fọ́ omeprazole, èyí wà lára ìdí tí ó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, tí dókítà sì lè yan esomeprazole tàbí rabeprazole dípò rẹ̀. Vonoprazan, oògùn ásíìdì mìíràn tó jẹ́ tuntun díẹ̀, kò bìkítà fún oúnjẹ. 20 mg rẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ pẹ̀lú amoxicillin gíráàmù kan ẹ̀ẹ̀mẹta, fún ọjọ́ 14, jẹ́ ọ̀nà mìíràn tí ìlànà Amẹ́ríkà fọwọ́ sí.

Àwọn yòókù, ẹ lè pín wọn sí ìgbà oúnjẹ mẹ́ta àti ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sùn. Tetracycline kò bá mílíìkì rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò bá oògùn ẹ̀jẹ̀ tí irin (iron) wà nínú rẹ̀ àti kálísíọ̀mù rẹ́: wọ́n á so mọ́ ọn, kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí wákàtí méjì wà láàárín wọn. Ife omi kan gbáko ni kí ẹ fi gbé e mì, kí ẹ má sì dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí kápúsù tó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun lè dá ọgbẹ́ síbẹ̀. Oòrùn á tètè sun awọ ara ní ọjọ́ wọ̀nyí. Metronidazole ń fi adùn irin sẹ́nu, ó ń mú èébì gbé èèyàn, kò sì bá ọtí rẹ́ rárá, títí di ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ bá parí rẹ̀. Bismuth á sọ ahọ́n àti ìgbẹ́ di dúdú. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, àyàfi tí ìgbẹ́ náà bá ń lẹ̀, tó ń rùn burúkú, tí ojú sì ń ṣú ẹni náà. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi doxycycline rọ́pò tetracycline nítorí pé òun ló wà lọ́wọ́, ẹ má gbà, kì í ṣiṣẹ́ tó o fún kòkòrò yìí.

Tetracycline kò yẹ fún aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ. Ẹni tí aspirin kì í bá lára mu kò gbọ́dọ̀ lo bismuth subsalicylate. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, gbọ́dọ̀ sọ, nítorí metronidazole ń mú kí warfarin lágbára jù. Fún aláboyún, wọ́n sábà máa ń sún ìtọ́jú síwájú títí yóò fi bímọ.

Kí ló fà á tí clarithromycin kò fi ràn án mọ́? Oògùn náà máa ń jókòó sí ibi kan pàtó lára ẹ̀rọ tí bakitéríà fi ń ṣe èròjà ara rẹ̀. Ìyípadà ẹyọ kan ṣoṣo níbẹ̀ ti tó kó má lè jókòó mọ́, gbogbo ọmọ tí bakitéríà náà bá sì bí á jogún rẹ̀. Azithromycin àti erythromycin, tí wọ́n ń lò fún ikọ́ àti àìsàn àyà, jẹ́ ẹbí kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó ti lo ọ̀kan nínú wọn rí, ó ṣeé ṣe kí clarithromycin má ran kòkòrò inú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ orúkọ Helicobacter pylori rí nígbà náà. Metronidazole yàtọ̀: bí kòkòrò tiẹ̀ ń bá a ṣagídí, ìwọ̀n tó pọ̀ fún ọjọ́ 14 pẹ̀lú bismuth ṣì lè borí rẹ̀. Tetracycline àti amoxicillin ṣì ń ran èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Lẹ́yìn oògùn, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, kí ẹ ti dá oògùn ásíìdì dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ wá ṣe àyẹ̀wò èémí tàbí ti ìgbẹ́. Gbogbo ẹni tó gba ìtọ́jú ló yẹ kó ṣe èyí, ara ìbáà yá. Inú lè dẹ̀ kí kòkòrò ṣì wà, inú sì lè máa dùn nítorí nǹkan mìíràn nígbà tí kòkòrò ti kú. Bó bá ṣì wà, oògùn tó já kulẹ̀ kọ́ ni kí wọ́n tún kọ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú clarithromycin á lọ sí oògùn mẹ́rin ti bismuth. Ẹni tí ti bismuth bá já kulẹ̀ fún lè nílò apakòkòrò mìíràn, levofloxacin tàbí rifabutin, ó sì dára kí wọ́n kọ́kọ́ wo apilẹ̀ àbùdá kòkòrò náà nínú ìgbẹ́ tàbí ẹran ara láti mọ oògùn tó ṣì ń ràn án. Rifabutin lè sọ ìtọ̀ di pupa, kó má ba yín lẹ́rù.

Ewé àti egbò, aáyù, oyin àti irú wọn kò tíì sí èyí tí ìwádìí fi hàn pé ó lè pa á tán fúnra rẹ̀. Àwọn bakitéríà rere tí wọ́n ń tà nínú kápúsù lè dín ìgbẹ́ gbuuru tí apakòkòrò ń fà kù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sìgá mímu ń dín agbára ìtọ́jú kù, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró fún ọjọ́ 14 yẹn bí kò bá tiẹ̀ ṣeé ṣe títí láé.

Kí ẹ tó lọ rí dókítà, ẹ kọ gbogbo apakòkòrò tí ẹ bá rántí pé ẹ ti lò sílẹ̀, ohun yòówù tí ẹ lò ó fún. Ẹni tí wọ́n sọ fún ní kékeré pé penicillin kì í bá lára mu, kó ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àyẹ̀wò máa ń fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀, amoxicillin, tó jẹ́ ẹbí penicillin, á sì tún di oògùn tí wọ́n lè lò.